Ọkọ̀ Ìyá Àbíyè àti Ohùn Ọmọńlé

Nígbà láéláé, nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa, tí ènìyàn àti ẹranko sì ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, Ọmọńlé kì í gbé inú ilé. Inú pàlàpálá òkúta nínú igbó ló ń gbé. Kì í sọ̀rọ̀. Bí ó bá fẹ́ nǹkan, á tẹjú mọ́ ọn. Bí kò bá fẹ́ ẹ, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìlú kan wà nítòsí igbó náà tí wọ́n ń pè ní Ìgbó-Ọsàn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílùú yìí, ọkọ̀ kékeré kan tó dúdú bí aró. Agbẹ̀bí ìlú ló ni ín. Ṣẹ̀gílọlá ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àbíyè ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ wà ní òdì kejì Òkè Afẹ́fẹ́. Bí ọmọ bá ti ń mú aboyún kan, wọn á ránṣẹ́ sí i. Á wakọ̀ wá, á gbé aboyún náà, wọn á sì gun òkè lọ. Kí wọ́n tó ra ọkọ̀ yìí, orí àga onígi ni wọ́n ti máa ń gbé àwọn aboyún gun òkè. Àwọn kan a dé. Àwọn kan kì í dé.

Ní ọdún kan, ọyẹ́ mú kọjá bẹ́ẹ̀. Ètè ń bẹ́, gìgísẹ̀ ń là. Òtútù wọ inú òkúta tí Ọmọńlé ń gbé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí ọkọ̀ Ìyá Àbíyè lábẹ́ igi ọdán. Ó sún mọ́ ọn. Ara irin náà ṣì ń gbóná.

Ọmọńlé rápálá gba abẹ́ ọkọ̀ wọlé. Ó wá ibì kan, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá ibòmíràn, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Níkẹyìn ó dé inú àpótí dúdú kékeré kan, níwájú orúnkún ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Inú àpótí yìí ni gbogbo wáyà ọkọ̀ ti ń pàdé. Ó móoru, ó ṣókùnkùn, afẹ́fẹ́ kò sì ráàyè wọ ibẹ̀. Wáyà pupa kan wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ ihò dáadáa. Ọmọńlé gbórí lé e bí ìrọ̀rí, ó sì sùn lọ fọnfọn.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ mú obìnrin kan tó ń jẹ́ Fẹ́hìntọ́lá. Ìyá Àbíyè gbé e sínú ọkọ̀, ó kọjú sí òkè. Wọ́n dé ìdajì, ni ọkọ̀ bá ṣe fùú, ó kú. Ìyá Àbíyè yí kọ́kọ́rọ́. Kò dún. Ó tẹ fèrè. Kò dún. Iná pàápàá kò tàn.

"Ìyá, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́!" Fẹ́hìntọ́lá ké.

"Má mú un mọ́ra. Sọ̀ kalẹ̀, di apá mi mú."

Abẹ́ igi kajú kan létí ọ̀nà ni wọ́n ti bí ọmọ náà. Ọlọ́run ṣeun, ọmọ ké, ìyá rẹ̀ sì yè. Ìyá Àbíyè fi gèlè ara rẹ̀ wé ọmọ. Ó padà sídìí ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkọ̀ dáhùn kíá, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá Àbíyè wo ọkọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. "Ìwọ àti èmi á jọ rí ara wa," ló wí.

Ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Rájí mẹkáníìkì. Rájí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó nu orí bátìrì, ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dá a padà. Ọ̀gá Lánihun wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Rìwáyà ni, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Òun náà yẹ wáyà kọ̀ọ̀kan wò, kò rí àbùkù. Bí Ọmọńlé bá ti gbọ́ ìró òòlù wọn báyìí, á sá wọ abẹ́ àga, á sì lúgọ síbẹ̀ títí wọn á fi parí. Wáyà pupa á padà bọ́ sí àyè rẹ̀.

Rájí wa ọkọ̀ yí ṣọ́ọ̀bù ká lẹ́ẹ̀méje. Kò kú.

"Ìyá Àbíyè, ọkọ̀ yín le ju èmi alára lọ," ó wí.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ náà gun òkè láìsí wàhálà. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú. Wọ́n gbé e padà, Rájí pààrọ̀ bátìrì. Ó lo ọjọ́ méjì, ó tún kú. Wọ́n gbé e padà, kò tún sí ohun tó ṣe é.

"Bóyá bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni kò dára," Rájí wí.

"Ọ̀gá Rájí, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń wa ọkọ̀ yìí gun òkè yẹn. Ẹsẹ̀ mi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nǹkan kan ló ń pa á, mo sì máa rí i."

Ojú ti Rájí, nítorí àwọn ènìyàn ti ń pé jọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kígbe, "Eku ni! Eku ló ń jẹ wáyà! Ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí yẹn ló ń gbé?"

Kí Ìyá Àbíyè tó la ẹnu, àwọn ọkùnrin ti gbé igi. Wọ́n tú òkìtì igi ìdáná tí Eku kọ́lé sí lábẹ́, wọ́n sì fẹsẹ̀ tẹ ìtẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Eku kó ọmọ mẹ́fà sá sínú ọyẹ́.

Ìyá Àbíyè wa ọkọ̀ sáré tẹ̀ lé wọn dé abẹ́ igi ọdán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá wọn dúró. Ọmọńlé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ bí igi ṣe ń wó. Ó gbọ́ ẹkún àwọn ọmọ Eku. Ó mọ̀ pé Eku kò fẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ yìí rí. Ó sì ti kíyè sí i pé nígbàkúùgbà tí òun bá yíra padà lójú oorun, ni ọkọ̀ máa ń dákẹ́.

"Bí mo bá sọ̀rọ̀," ó rò nínú ọkàn rẹ̀, "wọn á lé mi padà sínú òtútù." Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ọjọ́ yẹn náà ni Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìyá Àbíyè. Ó ní òun fún un ní ọjọ́ mẹ́ta péré. Bí kò bá mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà, kí wọ́n gbé e tì, kí wọ́n padà sí àga onígi.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Eku dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Ó gbé èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́nu. Ó rọra gbé e kalẹ̀.

"Ìyá Àbíyè, ẹ kú àárọ̀. Ara ọmọ mi ti tutù."

Ìyá Àbíyè gbé ọmọ eku náà, ó fi òwú wé e, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ níwájú Eku.

"Ẹ wo eyín mi," Eku wí. Ó la ẹnu gbàgà. "Ṣé ẹ rí i? Bí mo bá gé nǹkan, ó gé nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Wáyà tí eyín mi bá gé, ṣé ó tún máa ń so ara rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn wákàtí kan?"

Ìyá Àbíyè mi orí. "Rárá o," ó wí.

"Nígbà náà, ẹ yéé wá ohun tó gé. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ ni kí ẹ wá."

Ìyá Àbíyè fò dìde. Ó lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀gá Lánihun, ẹ bá mi ká lọ sórí òkè."

Rájí bú sẹ́rìn-ín. "Rìwáyà á wá máa gun ọkọ̀ kiri bí ìyàwó tuntun?"

Ìyá Àbíyè yí ẹ̀yìn sí i. Lánihun ló kọjú sí. "Bàbá, àìsàn yìí kì í tẹ̀ lé mi wá sọ́dọ̀ yín. Orí òkè ló ń gbé. Àfi kí ẹ̀yin lọ bá a nílé rẹ̀."

Lánihun ronú sí i. Àgbàlagbà ni, kì í kánjú. "Ọ̀rọ̀ yín mọ́gbọ́n dání," ó wí. "Kí ni kí n mú dání?"

"Ojú yín àti ìka yín."

Lánihun jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Eku ní òun náà á lọ, torí orúkọ òun ló bà jẹ́. Ó gun èjìká Lánihun. Wọ́n gun òkè lẹ́ẹ̀kíní, ọkọ̀ kò kú. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gùn ún. Kò kú. Wọ́n gùn ún lẹ́ẹ̀kẹta, Lánihun bẹ̀rẹ̀ sí í yán.

"Bóyá ó ti lọ fúnra rẹ̀," ó wí.

"Kò lọ," Ìyá Àbíyè wí. "A ṣì ń gùn ún."

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ooru ẹ́ńjìnnì ti gba gbogbo iwájú ọkọ̀. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ igi kajú, ọkọ̀ ṣe fùú, ó kú.

Lánihun na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Ẹ má sọ̀ kalẹ̀!" Ìyá Àbíyè wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ mì. Ibi tí wáyà ti pàdé, ẹ ṣí i ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Lánihun fi ìka méjì ṣí ìdérí àpótí dúdú náà. Gbogbo wọn yọjú wò ó. Ọmọńlé rèé, ó ń sùn. Ooru ti mú un, ó ti yíra padà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti gbé wáyà pupa kúrò lẹ́nu ihò rẹ̀. Lánihun fi ìka tẹ wáyà náà sílẹ̀, iná ọkọ̀ tàn. Ó gbé ìka, iná kú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tàn.

"Ó ń lọ, ó ń bọ̀," Eku wí.

Ọmọńlé lajú, ó rí ojú mẹ́fà tó ń wò ó. Kò ríbi sá sí.

"Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń tú ilé Eku," ó wí. Ohùn rẹ̀ há nítorí kò lò ó rí. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Òtútù ni mo ń bẹ̀rù. Mo dákẹ́."

"O dákẹ́?" Eku ké mọ́ ọn. "Ọmọ mẹ́fà ni mo kó sá o! Mẹ́fà!"

Lánihun fẹ́ mú Ọmọńlé nírù kó jù ú sínú igbó, ṣùgbọ́n Ìyá Àbíyè dì í lọ́wọ́ mú.

"Bàbá, ta ló so wáyà pupa yìí?"

Lánihun yọ fìlà. "Èmi ni. N kò tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé báyìí." Ó yíjú sí Ọmọńlé. "Ìwọ, n kò ní í pa ọ́, n kò sì ní í jù ọ́ sínú ọyẹ́. Mo ní ògiri nílé ìgbẹ̀bí, mo ní fìtílà tó ń mú ara móoru. Ẹ̀fọn ń jẹ àwọn ọmọ tuntun níbẹ̀. Wá máa gbé ara ògiri mi, máa jẹ ẹ̀fọn. Ọmọ inú ilé ni wàá jẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o dákẹ́ mọ́ láéláé. Ibikíbi tí o bá wà, jẹ́ kí onílé gbọ́ ọ, kí wọ́n má baà mú ẹlòmíràn dípò rẹ."

"Kí ni kí n máa wí?" Ọmọńlé bèèrè. "N kò mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀."

Eku ló dá a lóhùn. "O ní o dákẹ́. Kẹ́ yẹn náà ni kí o máa wí, títí gbogbo ayé á fi gbọ́."

Wọ́n padà sílé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, aboyún méjì gun òkè nínú ọkọ̀ náà, wọ́n sì dé láyọ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n fi àga onígi dáná. Rájí fúnra rẹ̀ to igi ìdáná padà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Eku.

"Mo ti gbọ́," Eku wí. "Ọlọ́run á dárí jì wá." Ṣùgbọ́n ó kó ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó bá ibòmíràn lọ, kò sì sọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, bí Eku bá gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, á kọ́kọ́ sá ná. Pé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gé wáyà lóde òní, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni Ọmọńlé ti fi igbó sílẹ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri nítòsí iná, tó ń ṣọdẹ ẹ̀fọn. Láti ọjọ́ náà sì ni, bí ilé bá ti parọ́rọ́, tí kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan, á gbórí sókè níbi tó wà, á sì jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀: kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́.