Ilé Tí Máfimíṣẹ̀bi Kọ̀ Láti Tú

Òkun ti jẹ ojú ọjà. Ó jẹ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ itẹ́ òkú, ó wá kan ilé Máfimíṣẹ̀bi, apẹja ní Ìdí-Àgbọn. Ilé pákó ni, orí òpó ló wà bíi tàwọn ará etí òkun yòókù. Bí omi bá ti gòkè, Máfimíṣẹ̀bi á wá òpó tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀, á fi gbé ilé sókè. Bí omi bá tún gòkè, á tún gbé e. Ìyá rẹ̀ tí kò lè rìn mọ́ wà nínú ilé yẹn, pẹ̀lú Morẹ̀nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni kì í jẹ́ kó sùn.

Ni tọkọtaya bá lọ bá Yèyé Olómi, obìnrin tó máa ń bu omi òkun sínú igbá, tó ń wò ó, tó ń sọ ohun tó bá rí. Yèyé wò ó títí. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ẹbọ ni o," ó ní.

"Ewúrẹ́ wà nílẹ̀, Yèyé," Máfimíṣẹ̀bi dáhùn.

"Wọn ò bèèrè ewúrẹ́. Ilé yẹn lẹbọ. Fọwọ́ ara rẹ tú u kí òkun tó tú u. Kó pákó rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ lókè. Ìyá rẹ ni kó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀."

Máfimíṣẹ̀bi bú sẹ́rìn-ín. "Kí n gbé ìyá mi lọ bá àwọn ará òkè? Àwọn tó ń wẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì?"

"Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kì í lé olówó ẹ̀ jáde nílé," Yèyé dáhùn.

Kò gbọ́. Màlúù ló lọ rà, ó ní ẹbọ tó tóbi ni òkun ń fẹ́, ó tì í sómi. Òkun sì rọlẹ̀ lóòótọ́. Ìlú ń yìn ín.

Morẹ̀nikẹ́ ò dúró. Ó ń ṣí pákó yàrá tirẹ̀.

"Ìyá Fúnmi, o fẹ́ tú ilé lé wa lórí ni?"

"Baba Fúnmi, ẹ jẹ́ n gbé màmá dání. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ìyá tó bí mi ò ní kú sórí ilẹ̀ onílẹ̀."

Màmá ní kó máa lọ, pé ibi tí ọmọ òun bá wà lòun wà. Obìnrin náà kó pákó àtàwọn ọmọ sínú ọkọ̀, ó ń wà á lọ, ó ń sunkún. Àwọn aládùúgbò ń ké tẹ̀ lé e: "Ìyàwó ará òkè, bá wa ra iṣu bọ̀ o!"

Òjò ò rọ̀, atẹ́gùn ò fẹ́, ọ̀sán gangan ni òkun dé. Máfimíṣẹ̀bi ti lọ dẹ àwọ̀n, ó fi màmá sílẹ̀ nínú ilé. Nígbà tó padà, kò rí ibi tó máa so ọkọ̀ mọ́. Òpó ò sí. Ilẹ̀ tí òpó dúró lé gan-an ò sí.

Lábẹ́ ilé tiwa náà, omi ti ń dún báyìí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má ní mi ò sọ.

Morẹ̀nikẹ́ wà lókè, nínú yàrá kan ṣoṣo, onílẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ire tó rí ò ju pé bó bá pe ọmọ, ọmọ á jẹ́. Ẹni tó fi pákó ilé rúbọ ń sunkún, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá a nu ojú. Ẹni tó kẹ̀gàn ẹbọ wà lójú omi títí dòní, ó ń wakọ̀ yí ká, ó ń pe "Màmá! Màmá!", omi nìkan ló ń dá a lóhùn.