Nọ́mbà Káàdì Àbẹ̀bí

Ohun tó bá ojú ti bá imú, ṣùgbọ́n Lánìyàn tó ń tọ́jú káàdì ní ọsibítù ìlú kan kò rántí èyí lọ́jọ́ tó yí nọ́mbà gbogbo aláìsàn padà. Ó rò pé yàrá tòun nìkan lọ̀rọ̀ kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àbẹ̀bí bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Nọ́ọ̀sì Mojírọ́lá sáré lọ gba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò sílẹ̀ fún un.

“Nọ́mbà yìí kò sí lọ́dọ̀ wa,” ni obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wí. “Àbẹ̀bí mẹ́ta ló sì wà níbí.”

Mojírọ́lá sáré tọ Lánìyàn lọ. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nọ́mbà wo ni Àbẹ̀bí ń lò tẹ́lẹ̀?”

Lánìyàn tú àwọn káàdì wò. “Mi ò kọ ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì.”

Wọ́n ní láti tún ẹ̀jẹ̀ Àbẹ̀bí yẹ̀ wò. Mojírọ́lá ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, títí wọ́n fi gbé ẹ̀jẹ̀ jáde. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀pa má bóró mọ́.

Nígbà tí Àbẹ̀bí lajú, dókítà àgbà kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní kí wọ́n jọ rin ọ̀nà tí aláìsàn ń gbà, láti ẹnu géètì dé orí bẹ́ẹ̀dì.

“Yàrá márùn-ún ló ń lo nọ́mbà mi,” ni Lánìyàn wí jẹ́jẹ́. “Ẹyọ kan ni mo mọ̀.”

Mojírọ́lá ti ń yára padà sọ́dọ̀ Àbẹ̀bí.