Ilé Tí Wọ́n So Màrìwò Mọ́

Ọkùnrin kan wà ní ìlú tí òkú ti ń dìde. Àwọn òkú yìí kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń rìn kiri ni, wọ́n ń bu alààyè jẹ, ẹni tí wọ́n bá sì bù jẹ á kú, á tún dìde. Ìlú wá fẹnu kò pé bí o bá dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni, kí i. Òkú kì í dáhùn. Ilé tí kò bá ti dáhùn, so màrìwò mọ́ ọn, kí ẹlòmíràn má ṣèèṣì wọ̀ ọ́.

Ọkùnrin yìí ní gààrí, ó ní kànga nínú àgbàlá. Ó bẹ̀rù òkú, àmọ́ alààyè ló bẹ̀rù jù. Gààrí ò wu òkú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó pọn ọmọ. Òun ló gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀.

“Ẹ kú ilé o, bàbá. Omi ni ọmọ ń fẹ́. Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin tí ẹnu yín kì í sinmi.”

Ó mọ ohùn náà. Ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Obìnrin náà bú sẹ́kún. “Wọ́n ti bu bàbá jẹ. Èèyàn rere ni.” Ó so màrìwò mọ́ ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó dágbére fún un.

Ì bá sàn kó bú u.

Nígbà tó yá, àwọn ọdẹ ṣẹ́gun òkú. Wọ́n ń fi iná sí gbogbo ilé tó ní màrìwò. Wọ́n dé tirẹ̀, wọ́n kí i. Obìnrin náà wà láàárín èrò, ìtìjú rẹ̀ kò jẹ́ kí ọkùnrin náà dáhùn.

“Ẹ dáná sí i,” ló wí. “Ká ní ó wà láàyè, ṣé kò ní dá èmi lóhùn ni?”

Èéfín ti ń wọlé kí ọkùnrin náà tó ṣílẹ̀kùn. “Ẹ káàbọ̀,” ló rí sọ.

Àwọn ọdẹ yọ̀. Obìnrin náà kò yọ̀. Ọ̀já ìpọnmọ wà léjìká rẹ̀, kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò ó, ó kọjá lọ láì kí i. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó kí ọkùnrin náà mọ́ nílùú.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, má sọ fún mi pé torí ọjà ò tà ni o kò fi dá ẹni tó wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ lóhùn. O mọ ẹni tó kí ọ tí o ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó rò pé o ti kú ni, ìdí nìyẹn tó fi ń sọ ire rẹ kiri. Lọ dá a lóhùn lónìí, kó tó mọ̀ pé o wà láàyè.