Àkọ̀ Tí Kì í Jọ̀wọ́ Irin

Ọkùnrin kan ń bẹ ní Ìkìrun tó jẹ́ pé ẹ̀rọ búrẹ́dì ló ń tún ṣe. Má wo ojú mi bẹ́ẹ̀, Àlàmú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ la jókòó lé lórí, mi ò sì tíì gbàgbé. Ìtàn yìí kò gùn. Bí mo bá fi máa mu omi tí o gbé fún mi yìí tán, mo ti parí rẹ̀. Fetí sílẹ̀ ná.

Ìyàwó ọkùnrin yìí ló ni ilé búrẹ́dì. Òun ló ń po ìyẹ̀fun, òun ló ń yan án, òun náà ló ń pariwo lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí. Ní ti ọkọ, ẹ̀rọ ni ó mọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti dún lọ́nà tí kò yẹ kó gbà dún, á ti dìde nídìí oúnjẹ. Tọkọtaya náà fẹ́ràn ara wọn débi pé wọn kì í lè sọ gbólóhùn méjì kí wọ́n má fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé ìjà ni.

Irinṣẹ́ tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn jù ni alẹ́nkíì. O mọ̀ ọ́n: irin tín-ín-rín tí wọ́n tẹ̀ lọ́rùn, tó ní igun mẹ́fà, tí wọ́n máa ń ki bọ ihò orí bóòtù láti fi tú u. Odidi ìdì kan ló ní, láti orí èyí tó tóbi bí ìka ọwọ́ títí dé orí èyí tó kéré bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ọjọ́ tó gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀gá rẹ̀ kó wọn lé e lọ́wọ́ níwájú ẹbí, tó sì súre fún un pé, "Ohun tí mo fi jẹun rèé. Ìwọ náà á fi jẹun. Wọn ò ní sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́." Gbogbo ilé ṣe àmín. Ọ̀gá náà ti di olóògbé. Nítorí náà, irin lásán kọ́ ni wọ́n lójú rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n inú àpò àyà ẹ̀wù ló ń kó wọn sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú ọpọ́n ńlá tí ẹ̀rọ fi ń po ìyẹ̀fun, èyí tó kéré jù nínú wọn sì yọ́ bọ́ sínú rẹ̀. Kò mọ̀. Wọ́n pò ó, wọ́n gé e, wọ́n yan án. Ìgbà tó fọwọ́ kan àpò ló tó pariwo, "Yéè! Mo gbé!" Ìyàwó rẹ̀ dá títà dúró. Gbogbo wọn jókòó yí búrẹ́dì gbígbóná ká, wọ́n ń ya á sí méjì-méjì, wọ́n ń wá irin. Wọn ò rí i. Àwọn tó tètè wá rajà ti gbé tiwọn lọ. Ẹni tó bá a nínú búrẹ́dì, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Títí di ìsinsìnyí, àwọn ọmọ àdúgbò ṣì máa ń dúró síwájú káńtà, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí tó ní irin nínú ńkọ́?"

Ìyàwó máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ọkọ ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó dùn ún wọ egungun. Ohùn ọ̀gá rẹ̀ ṣáà ló ń gbọ́ létí: wọn ò ní sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́. Ó bá ara rẹ̀ pinnu pé òmíràn ò ní bọ́ mọ́ láyé òun.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta irinṣẹ́ lọ, pé òun ń wá àkọ̀ tí òun á máa ki alẹ́nkíì bọ̀, bí idà ṣe ń wọ àkọ̀. Obìnrin náà kó oríṣiríṣi sílẹ̀ fún un. Ọ̀kan wà tí gbogbo irin rẹ̀ so mọ́ èèkù kan, tí wọ́n ń ká wọn bọ inú rẹ̀ bí ọ̀bẹ ìléwọ́. Ìyẹn ò lè sọnù lóòótọ́, àmọ́ èèkù rẹ̀ sanra, kò lè wọ kọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀kan jẹ́ òrùka tí wọ́n ń so wọ́n kọ́, gbogbo wọn á máa lọ́ mọ́ra wọn. Ọ̀kan jẹ́ awọ tí wọ́n rán ní ojú-ojú, kálukú irin ní ojú tirẹ̀, wọ́n á ká a, wọ́n á fi okùn dì í. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ rọ́bà dúdú, líle, tó nípọn, tí wọ́n lu ihò sí lára.

Ọkùnrin yìí ń ki irin rẹ̀ bọ̀ wọ́n, ó ń dojú wọn délẹ̀, ó ń mì wọ́n jìgìjìgì. Ó mì awọ, irin kan yọrí díẹ̀. "Gbé e kúrò níwájú mi." Ó mì rọ́bà títí apá fi ń ro ó, ọ̀kankan ò mira nínú irin. Inú rẹ̀ dùn.

Obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ ti mì í. Ẹ fà á wò náà."

"Fífà kọ́ ni ìṣòro mi," ó dá a lóhùn. "Bíbọ́ ni ìṣòro mi."

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, Àlàmú, bó bá rí ekòló, á sá. N kì í bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí. Mo kàn máa ń wo ibi tó ń sá gbà ni.

Ó so rọ́bà náà mọ́ ìgbànú, kò sì pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi rí i. Bí àlejò bá dé, kò ní jẹ́ kó jókòó dáadáa tí á fi tú àkọ̀ náà, á dojú rẹ̀ délẹ̀, á mì í. "Ẹ wò ó! Ṣé ó bọ́?" Kò bọ́. Àmọ́ kò fẹ́ jáde náà. Bó bá fẹ́ lo ọ̀kan nínú irin wọ̀nyẹn, á fẹsẹ̀ tẹ àkọ̀ mọ́lẹ̀, á fi píláyà di irin mú, á máa fà, òógùn á bò ó. Ìyàwó rẹ̀ á dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun á funfun dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, á ní, "Bàbá Mosún, ṣé alẹ́nkíì lẹ ń fà yẹn ni, àbí eyín?"

"Ohun tó ṣòro yọ ni kì í sọnù," òun náà á fèsì.

"Háà, ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà eyín."

Ohun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ni pé ó ti ń sá fún iṣẹ́ kéékèèké. Nígbà tó jẹ́ àpò ló ń kó wọn sí, bí bóòtù kan bá tú díẹ̀, á fa irin yọ, á fún un le, ó parí. Ní báyìí, á wo bóòtù, á wo àkọ̀, á ní, "Ó di ọ̀la." Àfi iṣẹ́ tó bá ti di dandan. Àwọn irin yòókù dúró sínú rọ́bà, òógùn ìbàdí rẹ̀ ń ṣàn sí wọn lára, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Wọn ò sọnù o. Wọn ò kàn wúlò mọ́ ni.

Ẹ̀rọ kan wà nílé búrẹ́dì náà tó ní irin gbọọrọ méjì tó ń yí kojú ara wọn. Àárín wọn ni wọ́n ń ki ìyẹ̀fun pípò bọ̀ kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìdérí pẹlẹbẹ kan wà níwájú rẹ̀ kí ọwọ́ ènìyàn má baà bá ìyẹ̀fun wọlé. Bóòtù ìdérí yìí ló tú. Ọkùnrin yìí rí i. Ó fa alẹ́nkíì tó bá a mu, kò jáde. "Ó di ọ̀la." Ọ̀la di ọ̀tunla, ìdérí ń mì, ẹ̀rọ ń yí.

Bí ìdérí náà ṣe jábọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn, tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, apá bùbá ìyàwó rẹ̀ ti bá ìyẹ̀fun wọlé, ìka rẹ̀ sì tẹ̀lé e.

Ọkùnrin náà ń fi òróró pa inú agolo búrẹ́dì lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ igbe. Kò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Òun náà figbe ta, "Ẹ pa jẹnẹrétọ̀! Ẹ pa á!" Wọ́n pa á. Ẹ̀rọ dúró, ṣùgbọ́n irin méjèèjì ò jọ̀wọ́ ọwọ́ obìnrin náà. Bóòtù kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n máa tú kí irin náà tó lè yà kúrò lára ara wọn. Alẹ́nkíì ló ń tú u. Alẹ́nkíì náà sì wà ní ìbàdí rẹ̀, ó wà níbẹ̀ digbí, kò sọnù.

Ó fà á. Òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ ń yọ̀. Ó wá píláyà. Kò rí i nítòsí. Ìyàwó rẹ̀ ti dákẹ́ igbe. Ó ń wò ó, ó ń pè é jẹ́jẹ́, "Bàbá Mosún. Bàbá Mosún." Ọkùnrin náà ń sunkún bí ọmọdé. Ó já àkọ̀ náà kúrò lára ìgbànú, ó fi eyín bu irin náà mú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di rọ́bà, ó sì fà á pẹ̀lú gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún un.

Irin jáde. Eyín kan bá a jáde.

Tòun ti ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ló tú bóòtù náà, tó gba ìyàwó rẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n sì gbé ara wọn lọ sílé ìwòsàn. Ìka méjì ló ṣẹ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ọwọ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ìka kékeré ò tọ́ mọ́. Títí dòní, bó bá na búrẹ́dì sí oníbàárà, ìka náà á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí alẹ́nkíì.

Lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ọkọ ò lè gbójú sókè. Ó ní, "Mo ṣe é kí nǹkan kan má baà tún bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Kò sì bọ́. Èmi lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù." Lẹ́yìn náà ló wá rí àlàfo tó wà lẹ́nu ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n nínú ìrora. "Mo ṣáà ti bi yín léèrè tẹ́lẹ̀ pé ṣé eyín lẹ ń fà." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi tún sunkún.

Nígbà tó padà sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta irinṣẹ́, tààràtà ló lọ síbi àwọn àkọ̀. Àkọ̀ awọ ọjọ́sí ló nawọ́ mú. Ó kó irin rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fi okùn dì í, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó mì í. Ọ̀kan yọrí, okùn sì dá a dúró. Ó tú okùn, ó bu òróró sọ́wọ́, ó wá fi ìka méjì péré fà á. Ó yọ wẹ́rẹ́. Ó dá a padà, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó ní, "Èyí ni."

Obìnrin náà rí i pé ojú kan ṣófo, níbi tó yẹ kí èyí tó kéré jù wà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ti èyí tó tẹ̀lé e bọ̀ ọ́, kó má baà ṣófo bẹ́ẹ̀."

"Rárá o," ọkùnrin náà wí. "Ìyẹn ní ojú tirẹ̀. Bí a bá fipá tì í bọ ibẹ̀, awọ á ya, èyí tó sọnù ò sì ní torí ìyẹn dé. Fi í sílẹ̀. Bí ẹni tó jẹ búrẹ́dì mi bá ronú pìwà dà, tó dá irin mi padà, ibẹ̀ náà la máa fi í sí."

Omi inú ife mi tán, Àlàmú, ìtàn mi náà sì délé.

Adérójú ọmọ rẹ gba ojú omi lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, a ò sì gbọ́ "mo ti gúnlẹ̀" lẹ́nu rẹ̀ títí dòní. Mo wà pẹ̀lú rẹ nígbà tí o ń wá ìròyìn rẹ̀ kiri. Ẹni tó bá ní kí o má bẹ̀rù, kò bímọ. Ṣùgbọ́n Ìbídùn, ọmọ rẹ tí a jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí yìí, kì í ṣe Adérójú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́, ọ̀nà ilẹ̀ ló máa gbà dé Mínà, iṣẹ́ sì ń dúró dè é níbẹ̀. Ìwọ wá gbé àpótí rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn rẹ, o ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ, o fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ò ń dojú àkọ̀ délẹ̀, ò ń mì í fún gbogbo wa wò: "Ẹ wò ó, tèmi ò bọ́." Òótọ́ ni, kò bọ́. Ó ń dípẹtà ni. Ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ bá wá nílò rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé eyín ni wàá fi fa ọmọ náà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mi ò ní kí o jù ú nù. Ta ló ń ju ọmọ nù? Okùn wà: pè é láàárọ̀, jẹ́ kó pè ọ́ lálẹ́, jẹ́ kó mọ̀ pé yàrá rẹ̀ ò di ti ẹlòmíràn. Ní ti àyè Adérójú, ó ṣófo, àyè tirẹ̀ ni. Jẹ́ ká jọ máa wò ó bẹ́ẹ̀, ká jọ máa retí rẹ̀. Kò lè kún nítorí pé o ti Ìbídùn bọ̀ ọ́. Awọ ni yóò ya.

Ọmọ náà wà nílé mi láti àárọ̀, kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Dìde, àbúrò mi. Lọ gbé àpótí rẹ̀ jáde, kí ìwọ fúnra rẹ gbé e rù ú, kí o sì súre fún un bí ọ̀gá yẹn ṣe súre. Èmi ni màá ṣe àmín.