Páìpù àti Agolo Gírísì Tí Láṣebìkan Fi Rúbọ

Ọkàn Láṣebìkan awakọ̀ kò balẹ̀. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ rẹ̀ ti tu jáde lójú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀kẹta ló sì dẹ́rù bà á jù. Aboyún kan ni ó ń gbé lọ láti Ìdí-Àràbà sí ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn òkè. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì òkè tí à ń pè ní Gbémidébẹ̀, ẹ́ńjìnnì dún gbàù bí ìbọn, ọkọ̀ kú, obìnrin náà sì bímọ sínú koríko. Ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọmọ náà, ojú a sì máa ti Láṣebìkan nígbàkígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ yìí ní àdúgbò.

Nísinsìnyí, Ọmọ́wùnmí aya rẹ̀ ni ó lóyún. Agbẹ̀bí ti wí pé ọmọ náà dábùú nínú rẹ̀. Ó ní bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má ṣe dán an wò nílé rárá. Ọkọ̀ méjì péré ni ó wà ní Ìdí-Àràbà. Ọ̀kan ni ti Láṣebìkan. Èkejì ni ti Ògúnṣakin, ẹ̀gbọ́n Ọmọ́wùnmí, ẹni tí í ṣe mẹkáníìkì, tí ó sì ń tún ọkọ̀ méjèèjì ṣe.

Ẹni tó kánjú dì í ni yóò fi ẹkún tú u; ohun tí ìka bá bẹ̀rẹ̀, òòlù kì í bá a parí: ọ̀rọ̀ méjì yìí ni wọ́n sọ fún Láṣebìkan ní ọjọ́ tí ó di púlọ́ọ̀gì mẹ́rin sínú àkísà, tí ó mú ẹ̀rù rẹ̀ tọ Baba Ajíṣefínní lọ.

Baba Ajíṣefínní ti fi ogójì ọdún bá irin ṣiṣẹ́ kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Kì í da ọ̀pẹ̀lẹ̀, kì í sì í tẹ iyanrìn. Púlọ́ọ̀gì tí wọ́n bá yọ nínú ọkọ̀ ni ó máa ń tò sórí àpò, a sì máa fi àtàǹpàkò tọ́ ọrùn wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó bá bá níbẹ̀ ni ó ń sọ.

Ó tọ́ wọn wò títí. Nígbà tí ó kan ẹ̀kẹta, ó dúró.

"Ta ní ń bá ọ dì í?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, Baba."

"Ó ń fi gírísì pa á lọ́rùn."

"Ó ń pa á dáadáa, Baba. Kì í ṣahun."

"Ó sì ń ki páìpù bọ ìdí sípánà, kí apá rẹ̀ lè gùn sí i."

Láṣebìkan kò tíì dárúkọ páìpù fún ẹnikẹ́ni.

Baba na púlọ́ọ̀gì náà sí i. "Wo ohun tó ń dán ní ọrùn rẹ̀ yìí. Kì í ṣe ara púlọ́ọ̀gì. Tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì rẹ ni, orí rẹ̀ tí ihò púlọ́ọ̀gì wà, irin rírọ̀ bíi ti ìkòkò funfun. Ẹ ti ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí ẹbọ, ihò tó kù yóò ya, yóò sì ya ní ọjọ́ tí o kò fẹ́."

Láṣebìkan ti mọ̀ pé wọn yóò dárúkọ ẹbọ. Nítorí pé ọ̀rọ̀ irin ni, ó ti gbé ìgò epo pupa kan àti àkùkọ kan dání. Ní ìlú wa, ẹnikẹ́ni kì í fi epo du irin. Epo ni à ń ta sí ojú Ògún, epo ni à ń fi pa àdá kí ó tó wọ inú àkọ̀. Ó gbé ìgò náà síwájú Baba.

"Gbé epo rẹ," ni Baba wí. "Àkùkọ yẹn náà, ṣé òun ni yóò bá ọ mú sípánà? Irin tó ń gba epo wà, èyí kọ́. Láti ibi tí wọ́n ti ṣe púlọ́ọ̀gì tuntun ni wọ́n ti wọ aṣọ fún ọrùn rẹ̀, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ihò. Bí o bá tún fi gírísì pa á, yóò máa yọ̀, ọwọ́ rẹ kò sì ní mọ ìgbà tó tó. O ó máa rò pé kò tíì le. Kí o tó mọ̀, ó ti ya."

"Kí ni kí n wá fi rúbọ, Baba?"

"Páìpù àti agolo gírísì tó wà nínú búùtù ọkọ̀ rẹ. Kó wọn wá síbí. Lẹ́yìn ìyẹn, fi ìkánjú rẹ kún un. Má ṣe tú u, má ṣe dì í, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì gbóná. Bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ kò bá lè sùn lórí rẹ̀, dúró. Ìka ni kí o fi yí i wọlé. Bí ó bá ti jókòó, fi sípánà yí i ní ìdajì àyíká kan, kí o gbé ọwọ́ kúrò, bí ó tilẹ̀ ń ṣe ọ́ bíi pé kò tó."

"Baba, bí ó bá wá di ọjọ́ kánjúkánjú ńkọ́?"

"Ọjọ́ náà gan-an ni ẹbọ."

Láṣebìkan kó páìpù àti agolo wá, wọ́n sì bá a ti ọkọ̀ dé iwájú ilé Baba. Baba fi òrùka irin tuntun, tí yóò máa di púlọ́ọ̀gì mú, sí ihò tó ya, ó sì ní kí ó máa lọ.

Nígbà tí Ògúnṣakin gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àna mi! Ewúrẹ́ ni àwọn ẹlòmíràn fi ń rúbọ, ìwọ ń fi irinṣẹ́ rú tìrẹ. Bó bá di ọ̀la, wọn á ní kí o gbé táyà wá. Ta ló ń fi epo du Ògún?" Páìpù tirẹ̀ kò kúrò ní èjìká rẹ̀.

Oṣù kan kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Láṣebìkan ń bọ̀ láti ìrìn àjò, ẹ́ńjìnnì ń húkọ́. Púlọ́ọ̀gì kan ti kú. Bí ó ṣe wọ agboolé, ó bá ìyá Ọmọ́wùnmí tó ká ọwọ́ lérí. Ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kan ti kú kò lè gun Gbémidébẹ̀. Láṣebìkan ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó fà á padà wàrà. Ògúnṣakin, tó ti sáré wá, na páìpù sí i.

"Tú u báyìí."

"Ó gbóná, ẹ̀gbọ́n."

"Ó gbóná? Ní òwúrọ̀ yìí ni mo pààrọ̀ tèmi, ó gbóná jù báyìí lọ. Mo fi gírísì sí i, mo fi páìpù fà á, ó le dan-in!"

Ìyá figbe ta. "Láṣebìkan, ṣé ẹ́ńjìnnì ni ìwọ yóò máa fọwọ́ rà, tí ọmọ mi ń kú lọ?"

Wọ́n gbé Ọmọ́wùnmí sínú ọkọ̀ Ògúnṣakin. Òógùn bò ó lójú. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Máa bọ̀ lẹ́yìn wa," ni ó wí. "Ṣe é bí Baba ti wí."

Wọ́n lọ. Láṣebìkan nìkan ni ó kù, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná. Ó jókòó, ó dìde. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó jó o. Ó ń gbọ́ ìró ọkọ̀ Ògúnṣakin bí ó ti ń jìnnà, ó gbọ́ bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ gbàù, bí ìbọn.

Ó mọ ìró náà. Ìró mìíràn kò tẹ̀lé e mọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ ti di sípánà mú kí ó tó mọ̀. Ó ti fi bọ orí púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá tú u nísinsìnyí, tí tọ́ọ̀pù sì ya, kò sí ọkọ̀ mìíràn ní Ìdí-Àràbà. Bí kò bá sì tú u, aya rẹ̀ wà nínú koríko. Ó yọ sípánà kúrò, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà, kò tíì ṣeé ṣe. Ó tún gbé e lé e. Ó dúró tó ìgbà tí iṣu fi ń jinná lórí iná, kò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láyé rẹ̀ kò tíì dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Níkẹyìn, ọwọ́ rẹ̀ sùn lórí ẹ́ńjìnnì. Ó tú èyí tó kú, ó nu ihò náà mọ́, ó sì fi ìka yí tuntun wọlé jẹ́jẹ́ títí ó fi jókòó. Ó yí i ní ìdajì àyíká. Apá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi díẹ̀ kún un. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

Ní ìdajì òkè, Ògúnṣakin dúró síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀, púlọ́ọ̀gì tó tu jáde wà lọ́wọ́ rẹ̀, irin funfun wé e lọ́rùn yíká. Ọmọ́wùnmí wà nílẹ̀, ìyá rẹ̀ gbé e lé àyà. Ògúnṣakin kò ṣàwàdà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀.

"Àna mi," ni ó wí, "máa gbé e lọ."

Ọkọ̀ náà gun Gbémidébẹ̀. Kò húkọ́, kò sì dúró. Wọ́n dé ilé ìwòsàn, àwọn dókítà sì fi abẹ gbé ọmọ náà jáde láàyè. Dúródọlá ni wọ́n sọ ọ́.

Láṣebìkan tó gba ẹbọ gbọ́ ni ìlú ń gbé aboyún fún títí di òní, púlọ́ọ̀gì kò sì tu mọ́ ní ọkọ̀ rẹ̀. Ògúnṣakin tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín pàdánù tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì rẹ̀, oṣù mẹ́ta ni ó sì fi ẹsẹ̀ rìn kí ó tó rí òmíràn. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kò wọlé wá jẹun. Ilé Baba Ajíṣefínní ni ó kọ́kọ́ gbà lọ, páìpù wà ní èjìká rẹ̀. Ó gbé e lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Láṣebìkan. Baba kò bi í léèrè.