Ọjọ́ tí Lámilámi Fi Ojú Omi Sílẹ̀

Apẹja pàtàkì ni Fátóyìnbó ní abúlé Etíwẹ́rẹ́ kí àrùn tó dá a jókòó. Láti ìgbà náà, abẹ́ igi àgbọn létí adágún ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́, tí yóò máa wo lékeléke nínú koríko odò àti lámilámi tó ń fò lórí omi. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé iṣẹ́ ẹyẹ kíkà ló kù fún bàbá.

Akínrọ̀yè, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń gbé e jáde, òun náà ló ń gbé e wọlé. Lọ́dún kan, ìyàwó Akínrọ̀yè bímọ sílé ìyá rẹ̀ ní òdì kejì omi. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, Akínrọ̀yè gbé ọkọ̀ sómi, ó sì wá gba àjẹ̀ tuntun tí bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ fún un.

"Ọmọ mi, má tíì lọ," ni bàbá wí. "Láti àárọ̀, n kò rí lámilámi kan lójú omi. Abẹ́ ewé ni gbogbo wọn lẹ̀ mọ́. Lékeléke náà ti kó wọ igbó lọ́sàn-án gangan. Ìjì ń bọ̀."

Akínrọ̀yè rẹ́rìn-ín. Ó gun igi àgbọn náà dókè téńté.

"Bàbá, mo ń rí òrùlé àwọn àna mi láti ibí! Kò sí ìkùukùu kankan, omi sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àbí ẹ ò fẹ́ kí n fojú kan ọmọ mi ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ bàbá lára. Nígbà tí ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ó na àjẹ̀ sí i.

Ọkọ̀ kò tíì dé agbedeméjì nígbà tí ìjì bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Fátóyìnbó ń ké, ó ń wọ́ ìdí nínú ẹrẹ̀ lọ, títí omi fi mù ún dé àyà. Àwọn aládùúgbò ló fà á jáde. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú Akínrọ̀yè.

Wọ́n gbé bàbá kọjá sọ́dọ̀ àwọn àna. Àwọn àna ní kí ọmọ náà máa jẹ́ Babárímisá.

"Rárá o," ni Fátóyìnbó wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Bàbá rẹ̀ kò sá. Ó ń bọ̀ wá rí i ni." Ó sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, kò sí apẹja Etíwẹ́rẹ́ tí yóò ti ọkọ̀ sómi láìkọ́kọ́ bi bàbá pé, "Kí lẹ rí?" Yóò sọ fún wọn, yóò sì yí ojú kúrò lára omi.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.