Aṣọ Látúnjí Lójú Oòrùn

"Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn." Ẹ ti gbọ́ ọ títí, ó ti sú yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ ká sọ̀rọ̀ ló máa ń fi í pa wá lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé aṣọ ta ni wọ́n kọ́kọ́ sá, ẹ ó rí i pé kò mọ̀. Aṣọ Látúnjí ni.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Àwẹ̀ró ará Òkè-Ìrókò fi mu ògógóró kó tó jáwọ́. Nígbà tó bọ́ tán, ó ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀ fún àwọn tí ọtí ti sọ dẹrú. Ẹni tó bá wá á mú aṣọ tó wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọtí gbé e ṣubú sínú ẹrẹ̀ dání, á fọ̀ ọ́ lójú àwọn yòókù, á sì sá a lókè ààrò nínú ilé. Ìlú mọ iṣẹ́ ilé náà. Àwọn tó ń wọ ibẹ̀ ni wọn ò mọ̀.

Látúnjí ahunṣọ wá, ó fi ẹkún fọ tirẹ̀. Oṣù méje gbáko, kò fẹnu kan ọtí mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ṣẹ̀gilọlá, ń lọ sílé ọkọ lẹ́yìn ìkórè, ó sì wá bẹ Àwẹ̀ró.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ mi níyàwó tán kí wọ́n tó gbọ́ pé mo ti jẹ́ ọ̀mùtí rí. Èmi fúnra mi á wá sọ ọ́."

"Ẹnu mi kọ́ ni wọn ó ti gbọ́ ọ," ni Àwẹ̀ró wí.

Òótọ́ ni, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan, ayọ̀ gun Àwẹ̀ró gàlègàlè. Aṣọ ti pé méjìlá lókè ààrò! Ó ní bí ìlú bá rí wọn, àwọn tó ṣì ń mu á mọ̀ pé ó ṣeé fi sílẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ síta, ó sá wọn lọ́sàn-án gangan. Kò dárúkọ ẹnì kankan, ó kàn gbàgbé pé ahunṣọ ní ọnà tó máa ń hun sára aṣọ tirẹ̀ nìkan.

Alárinà ìgbéyàwó náà ń kọjá lọ sọ́jà. Ó dúró, ó fọwọ́ pa etí aṣọ kan.

"Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ bàbá ìyàwó wa kọ́ nìyí?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àna ti ránṣẹ́ pé àwọn ò fẹ́ ọmọ ọ̀mùtí.

Látúnjí wá bá Àwẹ̀ró. Kò bú u. "Ìyá, ọmọ mi ò jẹun láti àná," ló wí, ó sì gba ilé ọlọ́tí lọ. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bá òkú rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà odò.

Àwẹ̀ró sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Ó fẹ́ ti ilé náà pa, àfi bí ọkùnrin kan ṣe kanlẹ̀kùn, tó mú aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ dání.

"Ìyá, mo rí àwọn aṣọ ọjọ́sí, ni mo ṣe wá. Ṣé ẹ ó sá tèmi náà síta?"

"Rárá, ọmọ mi. Tèmi ni n ó máa sá, kí ẹni tó ń wá wa lè rí wa. Tìrẹ, àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá gbé e síta. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn."

Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Látúnjí ni kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.